Ohun Tí Bàálù Gbà Lẹ́nu Bàbá

Bí bàálù bá ń kọjá lórí Kawukudi, àdúgbò tó wà lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, gbogbo ará ibẹ̀ a dákẹ́. Ẹni tó ń nájà á dúró, ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí á dúró. Tí ariwo náà bá rékọjá, kálukú á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Inú ariwo yẹn ni wọ́n bí Sẹ̀kínátù sí, kò kà á sí nǹkan kan. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèpàdé, tí wọ́n ní bàálù ti pọ̀ jù, pé ògiri ń sán, pé àwọn ọmọ kì í gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, kò lọ. Ó ní òun ní aláìsàn nílé.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Abdul-Rahim, ni aláìsàn náà. Iṣẹ́ títún aṣọ òkìrìkà rán ní ọjà Kantamanto ló fi tọ́ wọn dàgbà. Kó tó di pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, kò sí èyí tí kì í fi nájà nínú Twi, Gã àti Haúsá. Àìsàn gba gbogbo rẹ̀ lọ, ó ku Yorùbá nìkan, ohùn tó sì fi ń sọ ọ́ kéré débi pé Sẹ̀kínátù ní láti gbé etí sún mọ́ ọn lẹ́nu.

Orúkọ kan wà tí Bàbá kì í fẹ́ gbọ́. Faruk, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ti fẹ́ Àánú, ọmọ pásítọ̀ kan ní Dansoman, láì sọ fún un. Ẹnu oníbàárà ni Bàbá ti gbọ́ ọ, nínú ọjà, lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí Faruk má ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Faruk kó lọ sí Kumasi. Ó bímọ níbẹ̀, Bàbá kò fojú kan ọmọ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Sẹ̀kínátù ń fún un ní ẹ̀kọ mu, Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sẹ̀kí."

"Bàbá."

"Bí Faruk bá dé, sọ fún un pé..."

Bàálù dé. Ó fò wálẹ̀ bí ẹni pé orí òrùlé wọn ló fẹ́ bà sí. Páànù ń gbọ̀n, ife ń jó lórí tábìlì. Sẹ̀kínátù rí i tí ètè Bàbá pàdé, tó ṣí, tó ń mì. Ó tẹ etí mọ́ ọn lẹ́nu, èémí lásán ló bà á. Nígbà tí ariwo náà máa fi lọ, Bàbá ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Bàbá, n kò gbọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí. Kí ni kí n sọ fún Faruk?"

Bàbá wò ó. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó pa ojú dé. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Wọ́n ti sin Bàbá kí Faruk tó dé láti Kumasi. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé, àfi ìgbà tí Sẹ̀kínátù fà á lọ́wọ́. Ó mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ jáde nínú àpò, ó wo ibùsùn tó ṣófo, ó dá fọ́tò náà padà.

"Àǹtí, ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

Irọ́ tó lè mú un rí oorun sùn wà lẹ́nu Sẹ̀kínátù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Bàbá ni, kò lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

"Wọ́n dárúkọ rẹ. Wọ́n ní kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Bàálù ń kọjá, n kò gbọ́ ọ."

"Bàálù?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, Faruk."

"Wọ́n ṣépè fún mi ni, àbí? Ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ kí n gbọ́."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò wá rí irọ́ mìíràn pa, Àǹtí mi, àfi bàálù?"

Ó jáde. Láti ọjọ́ náà, bí Sẹ̀kínátù bá pè é, kì í gbé fóònù mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún pe ìpàdé, Sẹ̀kínátù lọ. Ọkùnrin kan tí ìjọba rán wá ní kí kálukú sọ ohun tí ariwo bàjẹ́ fún un. Onílé kan sọ ti ògiri, ìyá ọlọ́mọ kan sọ ti oorun. Sẹ̀kínátù dìde, ó sọ ọ́ ní Twi.

"Ó gba ọ̀rọ̀ bàbá mi."

"Ọ̀rọ̀ wo, Màmá?" ni ọkùnrin náà rọra bi í.

"Èmi náà kò mọ̀ ọ́n."

Zuweira, ará ilé kejì, bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà kí i kú ará fẹ́ra kù. Ó ní wọn yóò yẹ ọ̀nà tí bàálù ń gbà wò, ṣùgbọ́n bàálù kò lè ṣe kó má fò. Ó wá kọjú sí ẹni tó kàn.

Sẹ̀kínátù padà sílé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàbá, ó gbé dígí dání. Ó fi ètè sọ ọ́ láì gbé ohùn jáde: *mo ti dárí jì í.* Ó tún sọ èkejì: *mi ò dárí jì í.* Nínú méjèèjì, ètè pàdé, ètè ṣí. Ó ṣe é títí ẹnu fi ń ro ó, ojú Bàbá ló ń rí, kò mọ èyí tí Bàbá sọ nínú méjèèjì. Ó da dígí náà dojú bolẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà Faruk. Ó dún, ó dún, ó já.