Bí Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì Ṣe Kó Ilé Kan Lọ sí Ọgbà Ìṣeré

Lọ́jọ́ tí Bàbá Bíńtín mú ìwé aláwọ̀ mèremère kan wálé láti ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Ọdún kejì rèé tó ti ń ṣèlérí fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé òun á kó wọn lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá kan lókè òkun, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gun òkè bí alángbá, tí yóò sì já wálẹ̀ bí òkúta, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ á pariwo títí ohùn wọn á fi há, síbẹ̀ tí wọ́n á tún lọ tò sórí ìlà láti gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń ṣe. Gbogbo ìgbà ooru ló fi rá pálá lábẹ́ òrùlé àwọn oníbàárà kí owó ìrìn àjò náà lè pé.

Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́fà ni, nínú òtẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ọgbà gan-an, ọkọ̀ òfurufú wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Iye rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà lórí iye náà.

“Ọkọ ọmọ mi,” ni Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì wí láti orí àga rẹ̀, “gbé àtàǹpàkò ẹ kúrò níbẹ̀.”

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni màmá yìí fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ibùdókọ̀ ojú irin, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ ló sì bá a délé. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nínú yàrá ẹ̀yìn. Bàbá Bíńtín fẹ́ràn rẹ̀, kò sí àní-àní, àmọ́ nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ahun ló ń pè é. Àbí kí lèèyàn máa pe ẹni tó ń fi àlùmọ́gàjí la ike ọṣẹ ìfọyín láàárín kó lè nu èyí tó ṣẹ́ kù?

Ó gbé àtàǹpàkò kúrò. Màmá wo iye náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

“Kí la máa ṣe nínú ọgbà yìí ní ọjọ́ kẹrin?”

Bàbá Bíńtín fa ìwé náà mọ́ra. “Mà, ẹ jọ̀ọ́,” ló sọ, “ìgbádùn la fẹ́ lọ ṣe. Tá a bá ní ká máa ṣọ́wó ná lórí èyí náà, ká kúkú jókòó sílé.”

“Ta ló ní ká má gbádùn? Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́wàá péré.”

“Wọ́n ní ká san àsansílẹ̀ kó tó di Jímọ́ọ̀, tá ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iye ẹ̀ á lọ sókè.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Èmi náà ti sọ irú ẹ̀ fún èrò rí. Jímọ́ọ̀ ò lè tán láyé.”

Ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́, ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. “Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ wò,” ló sọ. “Ọjọ́ mẹ́wàá ò ní pa wá.”

Ibi tí Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ ya gbogbo wọn lẹ́nu. Ó pe àwọn ọmọ wọ yàrá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ilẹ̀kùn bíi dókítà, ó sì bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo tí ọkàn wọn ń fẹ́ jù nínú ọgbà náà. Àkọ́bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní ibi gíga máa ń ba òun lẹ́rù, àmọ́ òun fẹ́ yọ̀ lórí omi. Ọmọkùnrin àárín ní ọkọ̀ ojú irin ńlá, kò sí òmíràn. Bíńtín, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní òun fẹ́ bọ erin tó wọ bàtà, èyí tó wà nínú ìwé aláwọ̀ mèremère, lọ́wọ́. Màmá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó wá jáde síta, ó ní, “Ọjọ́ méjì ti tó fún èyí, ó tún ṣẹ́ kù. Owó ọjọ́ mẹ́fà lẹ fẹ́ san fún un.”

Láti ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀ tán báyìí, màmá á jókòó sẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ìwé àti fóònù. Kì í kàn wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì bí àwọn yòókù, ńṣe ló máa ń pe èèyàn. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá Bíńtín ń tú fíríìjì oníbàárà kan palẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́ bó ṣe ń bá ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ àbúrò rẹ̀ ni.

“Ọmọ mi, tó bá jẹ́ ìyá tó bí ẹ ló fẹ́ wá, ọjọ́ wo lo máa ní kó wá?”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Ó ní kí wọ́n má wá ní Sátidé, kí wọ́n wá láàárín ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí àwọn ìdílé yòókù ti padà sílé lọ múra ilé ìwé. Ó ní bí wọ́n bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọgbà fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú owó náà. Ó ní ọmọ tí kò bá tíì ga tó mítà kan kì í sanwó.

Bàbá Bíńtín dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ tó ń tú. Ó ti lọ sí ọ́fíìsì ìrìn àjò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó sọ ìkankan nínú èyí fún un. Òun náà kò sì béèrè.

Bí a bá rọra pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, màmá ti rí ilé kékeré kan tó ní ibi ìdáná, ní ìlú kan tí ọkọ̀ ojú irin tó bá gbéra níbẹ̀ á dúró lẹ́ẹ̀mejì péré kó tó dé ọgbà. Káfíńtà àgbàlagbà kan ló ni ín, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Òun àti màmá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin fún ìdajì wákàtí, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì fi máa dórí owó, bàbá yẹn fúnra rẹ̀ ló ní òun á dín in kù nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fẹ́ lò.

Iṣẹ́ náà wá ran Bàbá Bíńtín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lórí fóònù tirẹ̀, ó sì rí ọ̀kan tó rọjú ju gbogbo èyí tí màmá rí lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò wọ yàrá lọ fi hàn án.

“O káre,” ni màmá wí. Ó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Ọkọ̀ mẹ́ta la máa wọ̀, a máa jókòó fún wákàtí méje láàárín. Ta ló máa gbé Bíńtín tí oorun bá ń kùn ún?”

“Èmi ni, Mà.”

“Ta ló máa gbé èmi?”

Ẹ̀rín pa á.

“Owó tó dín lára èyí, ara wa ló máa san án,” ni màmá sọ, ó sì dá fóònù padà fún un. “Kì í ṣe gbogbo ọ̀pọ̀ ló ń jẹ́ ọ̀pọ̀ délé.”

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, ó gbé ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé aláwọ̀ mèremère. Èèyàn mẹ́fà kan náà, ọjọ́ wọn tiẹ̀ fi ọ̀kan lé, iye rẹ̀ lápapọ̀ sì fi díẹ̀ ju ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá Bíńtín ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù. Bí kì í bá ṣe pé tábìlì wà láàárín wọn ni, ì bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Wọ́n lọ. Ilé káfíńtà náà mọ́ tónítóní, adágún odò kan sì wà nítòsí tí àwọn ọmọ fi ọjọ́ méjì wẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni ti ọgbà. Bí màmá ṣe ń di búrẹ́dì àti ẹyin sínú àpò, Bàbá Bíńtín ṣàkíyèsí pé aṣọ Bíńtín ti sún sókè lórí orúnkún. Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í rìn láìmú ohun ìwọ̀n dání. Ó fà á yọ, ó wọn ọmọ náà létí ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ku ìdajì sẹ̀ǹtímítà kó pé mítà kan. Ní báyìí, ó ti fi ìdajì mìíràn lé. Bàbá Bíńtín ká ohun ìwọ̀n, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Erin onígi kan tó wọ bàtà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, ó na ọwọ́ ìjà rẹ̀ síta. Ọmọ tó bá lè gba abẹ́ ọwọ́ ìjà yẹn kọjá láìkàn án, ọ̀fẹ́ ni. Ìlà ń sún mọ́ iwájú. Bàbá Bíńtín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Bíńtín, tó o bá dé ọ̀dọ̀ erin yẹn, rọra tẹ orúnkún ẹ. Díẹ̀ báyìí.”

“Kí ló dé, Dádì?”

“Eré ni.”

Ẹnì kan fa apá ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn. Màmá ni. Kò pariwo. Ó kàn fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Lọ́dọ̀ tiwa níbi ọkọ̀ ojú irin,” ló sọ, “ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún kì í sanwó. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n pọ̀n wá síwájú gíláàsì mi. Mi ò kì í wo ojú ìyá ẹ̀, ojú ọmọ yẹn ni mo máa ń wò. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun gùn wá síbẹ̀.” Ó yíjú sí Bíńtín. “Mo lè ṣọ́wó ná, ọkọ ọmọ mi, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ́ ọmọ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń kúrú.”

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa àpò ìwé pẹlẹbẹ kan yọ. “Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ òfin mítà kan yìí ni mo ti ya owó tiẹ̀ sọ́tọ̀. Ṣé ọmọ á dúró de tíkẹ́ẹ̀tì kó tó dàgbà ni?”

Etí Bàbá Bíńtín gbóná bí ìgbà tí wọ́n fà á níwájú kíláàsì. Ó padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. “Dádì ṣe àṣìṣe,” ló sọ. “Dúró ṣánṣán.”

Bíńtín nà tàntàn bí ẹni tó fẹ́ já ewé lórí igi, orí rẹ̀ sì kan ọwọ́ ìjà erin gbà! Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pàtẹ́wọ́ fún un. “Ẹ kú oríire o, ẹ ti dàgbà!” Ó gba owó, ó so okùn pupa mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní okùn pupa lè gun ọkọ̀ ojú irin kékeré, èyí tó ń yí òkè kan po, bí àgbà kan bá ti jókòó tì í. Àwọn tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè gùn ún.

Ìyá àgbà rẹ̀ ni Bíńtín mú pé kó jókòó ti òun.

Bàbá Bíńtín dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú báàgì màmá lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń gòkè, ó rí i pé màmá pa ẹnu dé pinpin, ó fi ọwọ́ kan di awò ojú mú. Nígbà tó já wálẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín kan. Látọdún mẹ́tàlá tó ti mọ obìnrin yìí, kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó dún bí ẹ̀rín ọmọdé. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀, fìlà màmá ti yí sẹ́yìn.

“Ṣé ó ṣeé tún gùn?” ló béèrè.

Ìgbà tí wọ́n jókòó jẹ búrẹ́dì ni Bàbá Bíńtín bi í pé, “Mà, nígbà tẹ́ ẹ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ibo lẹ máa ń lọ tẹ́ ẹ bá gba ìsinmi?”

“Ilé ni,” ni màmá fèsì, ó ń bó ẹyin. “Ọmọ mẹ́rin ni mo rán níwèé. Mo máa ń ka orúkọ ìlú tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì sókè fún èrò kí n tó nà án sí wọn. Gbogbo orúkọ ẹ̀ ni mo mọ̀. Mi ò mọ ojú ọ̀kankan.”

Bàbá Bíńtín gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń fi aṣọ nu irun àkọ́bí wọn tó ti rẹ sómi, ó sì rántí pé ìwé tí màmá rán an ló sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé oògùn. Ohun tí òun ń pè ní ahun látọjọ́ yìí, òun ló tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú. Ó dìde.

“Mà, ẹ jẹ́ ká lọ gun ọkọ̀ ńlá yẹn.”

“Èyí tó ń dorí kodò yẹn? Ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni?”

“Ó ń bà mí, Mà.”

Àwọn méjèèjì àti ọmọkùnrin àárín tò fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ọkọ̀ náà dorí kodò, Bàbá Bíńtín ló ń ké pe ìyá tó bí i. Ọmọkùnrin yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé, odindi oṣù kan ló fi ń sín in jẹ.

Owó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n padà dé. Tọkọtaya náà jókòó, wọn kò tiẹ̀ jiyàn rárá. Wọ́n kó o fún màmá, wọ́n ní kó mú ìlú kan nínú àwọn tó máa ń ka orúkọ wọn, kó lọ wo ojú rẹ̀. Màmá ní rárá, ó ní owó ilé ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Bíńtín bá a lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ìwé àti fóònù, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ta tíkẹ́ẹ̀tì ń jiyàn ọjọ́ tí wọ́n á gbéra.

Bàbá Bíńtín ló gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó fẹ́ dúró títí ọkọ̀ á fi ṣí. Màmá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ń ṣí búrẹ́dì, ló bá gbé ojú sókè, ó rí i.

“Kí lo ṣì ń ṣe níbẹ̀?” ló sọ. “Lọ síbi iṣẹ́ ẹ, kí ẹran inú fíríìjì oníbàárà má bàjẹ́!”