Ọjọ́ Tí Wọ́n Dán Lẹ́ǹsì Méjì Wò ní Ekpan

"Dúró!" ni Olúṣínà kígbe.

Bùkọ́lá dúró.

"Kì í ṣe ìwọ, ìyàwó! Ọkọ rẹ ni mò ń pè! Ìwọ máa fẹ̀yìn rìn lọ!"

Bùkọ́lá tún ń fẹ̀yìn rìn. Ilẹ̀ pupa Ekpan ti kun bàtà rẹ̀ bí osùn, oòrùn àárọ̀ Sátidé sì ti ń ta á ní àtàrí. Ó gbé páálí ńlá kan sí àyà, èyí tí Akíndúró ọkọ rẹ̀, tí Olúṣínà ń pè ní Dúró, fi ọ̀dà dúdú kọ lẹ́tà sí láti òkè délẹ̀. Lẹ́tà òkè tóbi bí orí ewúrẹ́, àwọn tó tẹ̀lé e ń kéré sí i, títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti rí bí eèrà tó tò lọ sídìí ṣúgà. Irú rẹ̀ ni dókítà ojú máa ń gbé kọ́ ara ògiri. Àmọ́ kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Lẹ́ǹsì kámẹ́rà ni.

Ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, lábẹ́ igi kan ṣoṣo tí katakata àwọn tó ń kọ́lé òṣìṣẹ́ ṣèèṣì fi sílẹ̀, ọkùnrin méjèèjì tẹríba sẹ́yìn kámẹ́rà wọn bí ẹni ń gbàdúrà. Ẹnjiníà ilé ìfọpo ni àwọn méjèèjì, láti Èkó ni wọ́n sì ti jọ gbé wọn wá sí Ekpan, lẹ́bàá Wárí. Lásìkò tí owó epo ń rọ̀ bí òjò yẹn, àwọn kan ra mọ́tò, àwọn kan ra ẹ̀rọ orin tó ga ju ìyàwó wọn lọ. Àwọn méjì yìí ra lẹ́ǹsì.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni Olúṣínà ti ra tirẹ̀. Ó gùn bí ọmọ odó, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, ó sì ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra dé ẹgbẹ̀ta mílímítà. Kábíyèsí ni ó ń pè é. Akíndúró ra tirẹ̀ lọ́wọ́ atukọ̀ kan ní èbúté Wárí, iṣẹ́ àwọn ará Jàpáànù. Kò gùn ju ìgò bíà lọ, ọ̀ọ́dúnrún mílímítà ni agbára rẹ̀ sì mọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ti ń bá a fà.

"Tìrẹ ò lè ríran dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé," Olúṣínà á wí.

"Tìrẹ ríran jìnnà, àmọ́ bí arúgbó ló ṣe ń ríran. Gbogbo nǹkan ló ń ṣókùnkùn sí i lójú."

Wọ́n jà á nídìí oúnjẹ. Wọ́n jà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Igbudu, wọ́n jà á débi tí àlùfáà fi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, Bùkọ́lá mọ gbogbo ìwà lẹ́ǹsì láìbéèrè, bí èèyàn ṣe ń mọ orin ọlọ́tí tó wà ní yàrá kejì.

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni kò rí ibi gbé sọ. Físíìsì ló kà ní yunifásítì, ó sì ti kọ́ ọ ní Èkó kí wọ́n tó gbé ọkọ rẹ̀ wá síbí. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Ekurede-Urhobo, nínú Wárí, ń wá olùkọ́. Mísìsì Jemima, ọ̀gá ibẹ̀, ní kó wá kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ kí òun fi wò ó, kó sì dé kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ Sátidé, torí ẹlòmíràn náà ń bọ̀. Bùkọ́lá sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Dúpẹ́, ilé-ìwé kan ń fẹ́ mi ní olùkọ́ físíìsì."

"Ìyẹn dára," ni Akíndúró fèsì, ó ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu lẹ́ǹsì. "Ṣé o mọ̀ pé bí Olúṣínà bá ti fa tirẹ̀ dé òpin, etí àwòrán á máa rí bàìbàì?"

Ó tún un sọ lọ́jọ́ kejì. Ó tún un sọ nígbà tí iná lọ, tí kò sí nǹkan mìíràn láti wò. Ìdáhùn kan náà ni: ìyẹn dára. Ní àárọ̀ yìí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, èyí aláwọ̀ ìyeyè, ó fẹ́ kọjá sí Ekurede-Urhobo tààrà. Akíndúró rí i lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn.

"Áà, o tiẹ̀ ti múra! Aṣọ yìí á hàn dáadáa." Ló bá gbé páálí lé e lọ́wọ́.

Ó rò pé kíákíá ni wọ́n á ṣe é tán. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ka lẹ́tà kan, wọ́n á ní kó tún lọ sẹ́yìn. Ó kọjá òkìtì yẹ̀pẹ̀. Ó kọjá kòtò tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ náà, tí omi òjò wà nínú rẹ̀. Ohùn wọn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, áńkáṣífù funfun ni Olúṣínà ń jù fún un báyìí: ẹ̀yìn sí i. Nígbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ohun líle, ó bojú wẹ̀yìn. Ó ti dé títì ọlọ́dà.

Takisí kan dẹ ẹsẹ̀, ó dúró. Awakọ̀ náà yọ orí, ó wo aṣọ ìyeyè, ó wo páálí.

"Madam, na protest be dis? Only you?"

"No be protest. Na my husband dey snap me."

"Which side him dey?"

Bùkọ́lá nawọ́. Awakọ̀ fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wo igi lókèèrè, ó wo nǹkan méjì tó dà bí èèrùn nídìí rẹ̀. Ó mi orí.

"Madam, enter motor. Dat one no be husband. Na rumour."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bùkọ́lá kó tó mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òun kò kúkú dákẹ́. Ó sọ ọ́ títí, tara rẹ̀ sì bá a dákẹ́ náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó di í mú, ó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá pe òun, òun á padà. Áńkáṣífù funfun tún fì lábẹ́ igi: ẹ̀yìn sí i.

Ó gbọ́ràn, ó wọlé.

Ní Ekurede-Urhobo, Mísìsì Jemima dúró lẹ́nu ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ Ìtsẹkírì ni, ó sanra, ó wọ awò ojú tó so mọ́ okùn. Lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan tó de táì gbé ìwé ńlá mẹ́ta lé itan, ó ti ń rẹ́rìn-ín ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́.

"I don dey think say you no go come again," ni Mísìsì Jemima wí. Lẹ́yìn náà ló rí páálí. Ojú rẹ̀ là. "Ehn-ehn! Teaching aid! You see am?" Ó yíjú sí ọlọ́táì. "Dis one carry teaching aid come."

Bùkọ́lá wo páálí náà bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Láti Ekpan ló ti gbé e ká mọ́ àyà nínú mọ́tò, kò tiẹ̀ rántí.

"Yes, ma," ni ó wí.

Wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé inú ilé-ìwé jọ sínú kíláàsì kan. Bùkọ́lá dúró níwájú wọn. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Èkó, kò tíì dúró níwájú ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ó gbé páálí kọ́ ara pátákó, ó ní kí wọ́n ka lẹ́tà láti ẹ̀yìn kíláàsì. Wọ́n kà á dé àárín, wọ́n há. Ó béèrè pé kí ló dé tí ohun tó jìnnà fi ń kéré. Ẹnì kan sọ èyí, ẹnì kejì sọ tọ̀hún, ariwo ta.

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí gíláàsì tó yọ ikùn ṣe ń ká ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Ó ní bí lẹ́ǹsì bá ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ń fi hàn ń há, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń ṣókùnkùn; tí ọwọ́ ẹni tó gbé e bá sì gbọ̀n bíńtín, gbogbo ayé tó wà nínú rẹ̀ á gbọ̀n. Ó sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ fi ń yí jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀wà lórí àwo. Gbogbo àríyànjiyàn láti ìgbà òjò, èyí tó rò pé kò wúlò fún nǹkankan, ló jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀.

Ọmọ kan nawọ́. "Aunty, who get the lens?"

"My husband."

"Where him dey now?"

Bùkọ́lá ronú. "Him dey Ekpan. Him dey look me."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mísìsì Jemima tó dúró lẹ́yìn yọ awò, ó ń nu ojú. Ọlọ́táì kó ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kí wọn, ó lọ.

Nígbà tí takisí gbé e padà sí Ekpan, èrò ti pọ̀ lórí pápá. Àwọn òṣìṣẹ́ fi igi gígùn ń wádìí kòtò olómi. Ọ̀kan nínú wọn ń pe orúkọ rẹ̀ sínú igbó. Kámẹ́rà méjèèjì ti ṣubú sínú koríko, kò sẹ́ni tó bojú wò wọ́n. Akíndúró wà nínú kòtò, omi dé e ní orúnkún, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ ìyeyè.

"Ìyá Dúpẹ́!" Ó sáré jáde, ó ṣubú, ó dìde, ó dì mọ́ ọn tòun ti ẹrẹ̀. "Mo rò pé o ti... Níbo lo lọ?"

"Ekurede-Urhobo. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?"

Bùkọ́lá wò ó. Díẹ̀díẹ̀, ó rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń dé ojú ọkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Ó ti sọ fún mi," Akíndúró wí fún Olúṣínà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó sọ ọ́ léraléra, mo sì dá a lóhùn."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ìyẹn dára."

Olúṣínà ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí takisí kan tó dúró. Òun ló ní kí wọ́n ya nọ́ńbà rẹ̀, torí nọ́ńbà mọ́tò ni ìdánwò tó le jù. Wọ́n yà á, òun ju áńkáṣífù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pààrọ̀ fíìmù. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, ojú ọ̀nà ṣófo. Akíndúró ní lẹ́ǹsì òun ti bàjẹ́. Wọ́n tú lẹ́ǹsì, wọ́n fi ti ẹnì kìíní sára kámẹ́rà ẹnì kejì, títì ṣófo síbẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà wọ́n.

Nírọ̀lẹ́, Olúṣínà kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Akíndúró tan gílóòbù pupa ní balùwẹ̀ tó fi ń fọ fọ́tò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì há síbẹ̀. Àwòrán Olúṣínà ló kọ́kọ́ yọ nínú omi oògùn, èyí tí bébà á dúdú nínú rẹ̀ bí wọn ò bá tètè yọ ọ́. Nọ́ńbà mọ́tò náà hàn kedere, èèyàn lè fi ìka tọ́ ọ. Ìdajì ìdí takisí wà níbẹ̀, pẹ̀lú apá kan tó di páálí mú. Kò sí orí.

"Kábíyèsí o!" Olúṣínà lu ògiri. "Ẹ wo nọ́ńbà!"

Àwòrán ti Akíndúró kéré, àmọ́ gbogbo nǹkan ló wà nínú rẹ̀, ó sì mú bí abẹ: títì, eruku, takisí, Bùkọ́lá lódindi, ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Akíndúró kò sọ pé òun borí. Ó tún un ṣe, ó sọ ọ́ di ńlá, títí ojú yẹn nìkan fi gba gbogbo bébà. Ó tì í sínú omi, ó dúró dè é.

"O wo ẹ̀yìn," ni ó wí. "Ò ń retí ká pè ọ́."

Ohun tí Bùkọ́lá náà gbà gbọ́ nìyẹn. Òun ló gbé dání láti òwúrọ̀ bí ẹ̀rí, pé òun fún wọn láàyè. Ó tẹríba sórí omi. Ojú ń yọ bọ̀ nínú bébà, irun kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ẹyinjú, lẹ́yìn náà ẹnu. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ọrùn rẹ̀ yí padà bíi ti ọmọ tó ti yọ ẹran nínú ìkòkò, tó ń wò ó bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Akíndúró ṣì ń dúró de ìdáhùn. Obìnrin inú omi ń dúdú sí i.

"Ẹ yọ ọ́ báyìí, Bàbá Dúpẹ́," ni Bùkọ́lá wí. "Kó má bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."