Epo Ìgòkè

“Ẹ mì í dáadáa, ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀!”

Wasing fi èjìká ti ẹ̀yìn jíìpù tuntun náà, Ruperto tó ń ta epo sì dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún títí epo fi yọ sí ẹnu táńkì. Bí àwọn ará Atok, ìlú orí òkè, ṣe ń dán ọkọ̀ wò nìyẹn: rọ epo kún un dé ẹnu, lọ, bọ̀, rọ ọ́ kún padà. Iye tó bá gbà lẹ́ẹ̀kejì ni iye tó mu.

“Ẹ rọra o,” Elpidia ìyàwó Wasing wí láti orí ìjókòó iwájú tí wọ́n ti dà sẹ́yìn fún un. “Èèyàn wà nínú ẹrù yín.”

Ruperto bú sẹ́rìn-ín. Wasing kò lè rín in.

Kíndìnrín Elpidia ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ni ẹ̀rọ kan ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ní La Trinidad, nísàlẹ̀ òkè. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, títí ó fi dákú lórí ìdúró nínú rẹ̀. Ni Wasing bá ta ilẹ̀ kábéèjì bàbá rẹ̀, ó ra jíìpù. Ohun tó ṣẹ́ kù lára owó ilẹ̀ ni wọn yóò máa fi ra epo. Kò sí òmíràn níbì kankan. Bí ọkọ̀ náà bá mu epo níwọ̀n, owó náà yóò tọ́jọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì á di ẹ̀ẹ̀kan, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀kan kò lè dá ẹ̀mí sí.

Ìsọ̀kalẹ̀ dùn. Ìwọ̀n epo iwájú awakọ̀ fi hàn pé lítà kan ń gbé wọn rin kìlómítà mẹ́rìnlélógún. Ohun tí Wasing rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wà á wò náà nìyẹn, nígbà tí olùtajà ní kó yan ọ̀nà tó bá wù ú. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló yàn. Láti kékeré ló ti ń bá ọkọ̀ ẹ̀fọ́ rìn: ẹrù kíkún ní í sọ̀ kalẹ̀, òfìfo ní í gòkè bọ̀. Lójú àgbẹ̀ òkè, ìsọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́. Ìgòkè, ilé lèèyàn ń lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà, ibi tí Elpidia yóò gbórí lé ló ń rò. Kò wo ìwọ̀n.

Ó wò ó nírọ̀lẹ́ òní. Wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ tán, Elpidia dùbúlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún gbẹ, kùrukùru sì bo títì. Ọkọ̀ ń gbin lórí kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlá. Mẹ́wàá. Méje. Wasing pa ẹ̀rọ amúlétutù kí epo lè dín kù, gíláàsì iwájú sì fọ́jú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tún nawọ́ láti tàn án.

“Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” Elpidia wí. “Màá máa nù ún.”

Ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì níbi abẹ́rẹ́ ló fi ń nù ún, títí wọ́n fi délé epo.

Ruperto ki rọ́bà bọ táńkì. Epo ń lọ, ó ń lọ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹfọ̀n ọ̀mùtí lẹ rà yìí o!” Ló bá rí ojú Wasing, ó gbé ẹ̀rín mì. Ìlọ́po méjì ohun tí Wasing fọkàn sí ni ọkọ̀ náà gbà.

“Bóyá a ò mì í tó láàárọ̀,” Ruperto wí jẹ́ẹ́.

“A mì í.”

Nígbà tí Wasing padà jókòó sínú ọkọ̀, ó ti to irọ́ kan sẹ́nu: ọkọ̀ tuntun ni, ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Elpidia ti ń wò ó láti inú gíláàsì tó nù mọ́.

“Bàbá Jovita, èwo lẹ fẹ́ ká yọ? Ọjọ́ Ajé àbí Ọjọ́bọ̀?”

Bí ẹni tó ń bèèrè ìkòkò tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ló ṣe bèèrè. Wasing la ẹnu láti sọ pé wọn ò ní yọ ọ̀kankan.

“Ọjọ́bọ̀,” ló gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ wí.