Ọdún Mẹ́ta Tí Wọ́n Yọ Lára Hannah

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1988, bàbá Hannah Ọláyíwọlá di Bíbélì mú níwájú akọ̀wé kóòtù, ó sì búra pé ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ òun. Hannah dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ku oṣù kan kí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Bàbá náà kì í ṣe òpùrọ́. Kápẹ́ńtà ni ní Okokomaiko, alàgbà sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, tíṣà eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ Hannah ní Ìbà, ló wá bẹ̀ ẹ́ nílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìdíje tẹ́bù tẹ́nìsì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀, ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá nìkan ló sì lè kópa níbẹ̀.

"Ẹ wo ọmọ yìí, bàbá. Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe kéré. Ta ló máa sọ pé kì í ṣe ọmọ ọdún méjìlá?"

"Èmi ni mo máa sọ ọ́. Èmi ni mo bí i. Ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá rẹ̀ rọbí. Mo dúró létí títì, mo fẹ́ sọdá lọ pe agbẹ̀bí, mi ò mọ ibi tí mọ́tò máa gbà yọ sí mi. Ṣé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe é gbàgbé?"

"Ẹ ò ní gbàgbé, sà. Ìwé lásán ni. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń ṣe é. Yunifásítì tó wà nítòsí wa yìí, wọ́n fẹ́ràn ọmọ tó bá mọ eré ṣe. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, eré yìí ló máa ṣí géètì fún un."

Ọ̀rọ̀ géètì yẹn ló mú bàbá náà. Ó ti fi ọmọlanke ti pákó kọjá níwájú géètì yunifásítì náà láìmọye ìgbà, kò sì wọ inú rẹ̀ rí. Hannah fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì níbẹ̀. Báyìí ni ọdún 1972 tí wọ́n bí i ṣe di 1975 nínú ìwé ìbúra.

Hannah kò mọ̀ bóyá kí inú òun dùn ni o, bóyá kí ẹ̀rù ba òun. Ó fẹ́ràn tẹ́bù tẹ́nìsì ju oúnjẹ lọ. Bí ó bá ti gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí wọ́n ń pè ní ẹyin lórí tábìlì, kò-kò-kò, gbogbo ohun tó ń dùn ún ló ń gbàgbé. Bàbá rẹ̀ ti fi òfin kan lélẹ̀: wákàtí kan fún ẹyin, wákàtí kan fún ìwé. Bí wọ́n bá jáde ní kíláàsì, á gbá a lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́ títí aago mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, á rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, á jókòó sórí pákó, á máa fi ọwọ́ gbọn eruku igi kúrò lójú ìwé kẹ́mísìrì. Kò jẹ ìwé ní gbèsè wákàtí kan rí.

Nígbà ìdíje, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé ní kí ó di irun rẹ̀ ní ṣùkú, kí ó yọ yẹtí, kí ó sì máa fi ohùn kékeré dáhùn. Òun àti Mojí, ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ní tòótọ́, ni wọ́n jọ ń gbá a pọ̀ nínú ìdíje eléèyàn méjì-méjì.

"Màmá Ìbejì!" ọmọbìnrin kan láti Ijanikin ké láàárín èrò. "Ta ni ẹ gbé àwọn ọmọ yín sílẹ̀ fún?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Mojí yíjú sí i. "Ìyà tá a fẹ́ fi jẹ yín ni kó o máa rò, elẹ́nu gbọ̀ọ̀rọ̀! Hannah, má dá a lóhùn, ẹgbẹ́ wa kọ́."

Wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù. Ní oṣù Kẹrin, ìyá Hannah múra ọpẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ìjọ, bàbá ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ iye ọdún tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ọmọ náà lójú. Ní ìjọ, àárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń múra ọkọ ni wọ́n fi í sí. Ní ilé-ẹ̀kọ́, Mojí ń pè é lórúkọ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń gbá a létí ṣeré. Bí ẹnìkan bá bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, á kọ́kọ́ wo ojú ẹni náà kí ó tó mọ èyí tí òun máa sọ.

Nígbà tí ó dé kíláàsì àṣekágbá, inú fáìlì eré ìdárayá ni wọ́n ti wo ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọ sí fọ́ọ̀mù WAEC. Fọ́ọ̀mù JAMB dé. Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé.

"Sà, ọjọ́ ìbí wo ni kí n kọ?"

"Èyí tó bá ti WAEC mu ni. Bí wọn ò bá bára mu, wàhálà ni."

Ó kọ 1975. Kò sẹ́ni tó ṣírò rẹ̀, àní òun tó mọ ìṣirò pàápàá.

Ó yege nínú méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ jáde lára àwọn tí wọ́n mú fún kẹ́mísìrì. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 1990, ó gba inú géètì náà wọlé, ó tò títí ó fi dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé obìnrin kan tó lo awò ojú, tó ń forúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀. Obìnrin náà wo ìwé rẹ̀, ó ka ìka ọwọ́.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Hannah wo ojú rẹ̀. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà."

"Mẹ́rìndínlógún ni a ń gbà."

"Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mà."

"Háà! Níwájú mi níbí? Tí mo bá tún bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá di ìyá àgbà." Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà rí omi lójú rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ pírínsípà yín pé àṣìṣe ni ọjọ́ ìbí yìí. Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni a ń parí ìforúkọsílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. "Lẹ́tà kẹ̀? Bí pírínsípà bá kọ ọ́, wọ́n á gba góòlù yẹn padà. Góòlù ẹ̀yin méjèèjì ni o. Òun ni wọ́n wò tí wọ́n fi mú Mojí fún ẹgbẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Bàbá rẹ tó sì búra ńkọ́?"

Ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ ohun gbogbo fún Mojí lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ọmọ ọdún méjìdínlógún?" Mojí ní. "Ìwọ tí mo máa ń gbá létí?" Ó ń yí báàtì ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Tí o bá sọ ọ́, wọ́n á gba tèmi náà?"

"Wọ́n á gbà á."

"Èmi ò purọ́ ní tèmi."

Ní ìrọ̀lẹ́, Hannah kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ rí pírínsípà."

Bàbá rẹ̀ gbé ayùn sílẹ̀. "Kí n sọ kí ni? Bí mo bá ní mo purọ́, Ọlọ́run tí mo fi búra ń gbọ́. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, Ọlọ́run náà ló ń wò mí. Àpèkẹ́ mi, ìwọ lo kàwé. Èwo ni kí n ṣe?"

"Mi ò mọ̀, bàbá."

"Èmi náà ò mọ̀."

Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ agbádá kan ṣoṣo tó ní, wọ́n sì jọ lọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pírínsípà. Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni Mojí ń bọ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká, nínú aṣọ eré tuntun tí wọ́n kọ orúkọ Èkó sí láyà. Ó rí wọn, ó dúró. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá náà.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Hannah, kò sì dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Sìsítà Hannah. Òní ni wọ́n ní ká wọ káàǹpù."

Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Hannah wo ọmọ tó wà nílẹ̀, ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó ṣì wà lókè. Kò mọ èyí tó yẹ kí òun ṣe. Ó kàn rí i pé òun ti di ọwọ́ náà mú, òun sì ti fà á sílẹ̀.

"Dìde, Mojí," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀."

Wọn kò kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gba ọ̀nà Okokomaiko padà, bàbá níwájú, ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú géètì yunifásítì náà, bàbá sọdá sí òdìkejì títì.

Hannah tún JAMB ṣe ní ọdún 1991 àti 1992, máàkì rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Àyè kan ni ó ní ní ẹ̀ka kẹ́mísìrì, ó pàdánù rẹ̀ ní aago mẹ́rin ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1990, kò sì rí òmíràn.