Fìlà Mi Lórí Fáàfù

Orí mi pá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Kì í sì í ṣe pípá kékeré o. Bí mo bá ṣí fìlà ní Fegge, àdúgbò wa ní Onitsha, àwọn atukọ̀ tó wà ní Àsàbà lódìkejì odò á fọwọ́ bojú nítorí ìtànṣán. Síbẹ̀ mo ti sọ fún Súlìyát pé irun mi dí débi pé òòyà mẹ́ta ti kán sínú rẹ̀, a ò sì rí ọ̀kan yọ.

Súlìyát ni mo fẹ́ fẹ́. Àbúrò Jímọ̀ ni, Jímọ̀ sì ni ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́. Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí òun náà ń wá a, irun orí tiẹ̀ tó igbó tí ẹkùn lè bímọ sí. Nítorí náà fìlà àrán mi kì í kúrò lórí lójú Súlìyát, ìbáà jẹ́ oorun ló ń kùn mí.

Lọ́dún tí wọ́n ń kọ́ afárá sórí odò Ọya la gba iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ gáàsì kan lẹ́bàá odò. Gáàsì tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Táǹkì méjì ló wà. Èyí àgbà ti dípẹtà, wọ́n ní ká gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó kúrò, ṣùgbọ́n wọn ò ní dá èyí àbúrò dúró, torí bó bá dúró, gbogbo wẹ́dà Onitsha ni yóò káwọ́ lérí. Gáàsì yẹn kò sì mọ eré. Bí iná bá ta sí i pẹ́nrẹ́n, Òkè-Ògùn ni wọn yóò ti lọ ṣa eyín mi.

Ọ̀gá wa, Bàbá Oyèdìran, kò fẹ́ rí ìṣáná, kò fẹ́ rí bàtà tó ní ìṣó nídìí. Omi la fi fọ inú táǹkì, ayùn ọwọ́ la fi ń gé e, à ń da omi sójú ayùn kó má baà gbóná. Páìpù kan ló so táǹkì méjèèjì pọ̀, fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí i tí wọ́n fi ń tì í sì wà láàárín; bó bá ṣí, gáàsì èyí àbúrò á tú sínú èyí àgbà. Ẹni tó bá ti fáàfù pa ni yóò gbé fìlà tirẹ̀ kọ́ ọ. Bí fìlà bá wà níbẹ̀, èèyàn wà nínú táǹkì. Bó bá kúrò, wọ́n ti jáde, Okwudili, ọmọ Íbò tó ń bójú tó gáàsì, lè ṣí i. Páálí la kọ́kọ́ fi ń ṣe é, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Bàbá Oyèdìran wá ní, "Èmi ò tíì rí ọmọ Yorùbá tó gbàgbé fìlà ẹ̀ síbì kan."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi ni mo ti fáàfù pa. Fìlà àrán mi wà lórí rẹ̀. Jímọ̀ wà nínú táǹkì, Gbàdàmọ́sí, ẹlẹgbẹ́ wa, ń da omi fún un láti òkè, èmi ń kó àwọn irin tí wọ́n ti gé.

"Gàfárù," Bàbá Oyèdìran pè mí, "Súlìyát gbé oúnjẹ wá fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó wà ní géètì. Ó ní ìwọ ni kó o wá gbà á."

Mo wo géètì, mo wo fìlà. Mo ní lọ́kàn mi pé mo kàn fẹ́ yá a fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣé fìlà mi kọ́ ni? Mo yọ́ lọ síbi fáàfù, mo fi ìka méjì mú un létí. N kò tíì gbé e ju ìwọ̀n èékánná lọ tí Okwudili fi dìde lọ́hùn-ún, ó gbé sípánà kọ́ èjìká, ó ń bọ̀.

"Nna, ṣé wọ́n ti jáde?" Okwudili gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa tí a bí sí Fegge lọ.

Nínú táǹkì, Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ohùn rẹ̀ burú bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó máa kọ ọ́ lọ.

"Wọn ò tíì jáde. Eṣinṣin ni mò ń lé." Mo tẹ fìlà padà, mo sì fi okùn dè é mọ́ fáàfù kí ọwọ́ mi má baà tún yá jù. Mo wá gbé orí mi, bí Ọlọ́run ṣe dá a, lọ sí géètì.

Súlìyát wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bá mi pe Gàfárù."

"Èmi nìyí."

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta. "Ẹ̀gbọ́n Gàfárù, irun tó ń kán òòyà dà?"

"Àwọn òòyà yẹn ló gbẹ̀san."

"Fìlà yín ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí fáàfù. Mo ní bí mo bá gbé e níbẹ̀, wọn á ṣí gáàsì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ fún un rí, èyí nìkan ni n kò bu iyọ̀ sí.

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. Ó tẹ́tí sí orin burúkú tó ń tinú irin jáde. Ó wá bọ́ ìborùn olódòdó kúrò léjìká, ó dà á bò mí lórí, ó so ó sábẹ́ àgbọ̀n mi bí ẹni tó ń di ẹrù iṣu. "Òòrùn á pa yín," ló wí, ó sì lọ.

Títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìborùn yẹn wà lórí mi, Okwudili ò yé é pè mí ní ìyàwó. Nígbà tí Jímọ̀ yọrí jáde nínú táǹkì, ó dúró, ó ń wò mí.

"Ìborùn àbúrò mi nìyẹn."

"Òun ni."

"Lórí ẹ."

"Fìlà mi ń ṣọ́ ẹ ni."

Ó wo fáàfù, ó wo okùn tí mo fi de fìlà. Ó nu òógùn ojú.

"Ọjọ́ wo làwọn ará ilé ẹ ń bọ̀ wá kí wa?"

Mo ní bí wọ́n bá lè fò láti Ìsẹ́yìn, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la.