Ìyá Ìyàwó Ọ̀gá Nínú Àpò Ẹ̀rọ

Gbogboǹṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá wọn lẹ́yìn. Òun ló kọ àkójọ kóòdù tí wọ́n fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kan. Àpò kan, ìyẹn ibi tí kóòdù ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí, wà nínú rẹ̀ tí kì í yan nǹkan: kó orúkọ aláìsàn sí i, á gbà á, kó ti ẹ̀rọ sí i, á gbé e mì.

Jẹ́jẹ́, obìnrin tó ń kọ ètò ní tábìlì ẹ̀bá fèrèsé, bá a sọ ọ́. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi àyè sílẹ̀ lára àpò yìí fún irú ohun tó máa gbé. Ẹ̀ẹ̀kan náà la máa kọ ọ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ sọ bóyá àpò aláìsàn ni tàbí àpò ẹ̀rọ. Tó bá ṣì wọ́n kó, kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́ níbí, kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà."

"Ẹ fẹ́ràn wàhálà," ni Gbogboǹṣe wí. "Kí ẹni tó ń kó o ṣọ́ra. Ó parí."

Òun fúnra rẹ̀ ló kó ìsọfúnni sínú àpò náà, kò sì ṣọ́ra: ó da orúkọ aláìsàn pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ. Láìpẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ń gba ìtọ́jú orúnkún ní ilé ìwòsàn náà. Orúkọ màmá ló ṣáájú, ìyókù wá sọ pé: "ti gbó kọjá àtúnṣe. Ọkọ̀ onírin àlòkù á wá gbé e."

Ọkọ̀ dé ilé màmá lóòótọ́. Awakọ̀ mú okùn dání, ó béèrè ẹ̀rọ tó gbó.

"Èmi ni," ni màmá wí. "Gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ọkọ ọmọ mi."

Nígbà tó wọlé, Gbogboǹṣe dọ̀bálẹ̀. "Àṣìṣe kékeré ni, mọ́mì."

"Èwo ló kéré níbẹ̀? Ṣé kò sí bí nǹkan yín ṣe lè mọ èèyàn yàtọ̀ sí irin ni?"

Gbogboǹṣe wú ikọ́. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Ẹ máa wò ó, a máa fi àyè sílẹ̀ lára àpò náà..." Ó ka ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ tán pátá láìfo ọ̀kan. Jẹ́jẹ́ ń wo fèrèsé.

Jẹ́jẹ́ náà ló tún un kọ. Bó ṣe parí ni ìlà pupa tó ń fi àṣìṣe hàn bo ojú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ sì wá látinú iṣẹ́ ọ̀gá.

"Kọ̀ǹpútà yìí ò ní ẹ̀kọ́ ilé," ni Gbogboǹṣe wí. "Ṣé kò mọ̀ pé èmi ni ọ̀gá ni?"

"Irú nǹkan ló ń wò, sà. Kì í wo ipò."

Ọ̀gá jókòó, ó ń kùn, ó ń tún un ṣe.

Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn pe màmá wá fún àyẹ̀wò orúnkún, Jẹ́jẹ́ ni màmá pè, kò pe ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó ní kó bá òun wò ó bóyá èèyàn lòun báyìí.

"Èèyàn ni yín, mà," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Ẹ máa lọ."