Ẹ̀rọ Ìgégi Tó Túká Sílẹ̀

Nígbà tí ìjì fi máa rọlẹ̀, ahéré Changgai ti wó, igi bẹ́líánì ńlá kan sì ti nà gbalaja lé e lórí. Igi tó le bí irin ni bẹ́líánì. Bí o bá ṣá a ládàá, àdá ni yóò ta padà. Abẹ́ rẹ̀ ni Remai, ìyàwó Changgai, wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ni igi mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀ etí odò láti orúnkún wálẹ̀.

Bó bá ṣe igi nìkan ni, wọn ì bá ní sùúrù. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ púpọ̀ lókè odò, omi pupa sì ti ń gun bèbè bọ̀.

Changgai gbé igi títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Belayong, aládùúgbò wọn lóko, tó sáré dé nígbà tó gbọ́ ìró igi tó wó, bá a gbé e. Igi kò mira. Wọ́n yọ àdá, wọ́n ń ṣá a, ni Remai bá figbe ta, nítorí gbogbo bí àdá ṣe ń bà á ni igi ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí kí omi tó dé ni?"

Belayong sọ àdá nù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ìgégi yín ńkọ́?"

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé, lódìkejì odò. Ta ló lè la omi yìí kọjá?"

Changgai wo àwókù ahéré rẹ̀. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dúró bí ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lò ó, ó sì ti gbó. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ sórí ẹní nínú ahéré, kó lè pààrọ̀ ríǹgì ara písítìnì, nítorí agbára rẹ̀ ti ń lọ. Ní báyìí, gbogbo ohun tó tò sórí ẹní ti fọ́n sínú ẹrẹ̀, lábẹ́ koríko òrùlé.

"Gbé orí rẹ̀ sókè," ó sọ fún Belayong. "Má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ lẹ́nu."

Ó fi orúnkún wọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ tú inú ẹrẹ̀. Ó rí ara ẹ̀rọ, ó rí sílíńdà, ó rí písítìnì. Ríǹgì tuntun ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ó fi bẹntiróòlù ṣan wọ́n, ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi nù wọ́n. Ó wá fẹ́ la ẹnu ríǹgì kó lè wọ ara písítìnì. Ìkánjú mú kó là á jù. Ríǹgì náà dún pẹ́, ó dá sí méjì.

"Kí ló dún yẹn?" Remai bèèrè.

"Kò sí nǹkan."

"Bàbá Rinai, mo mọ ohùn rẹ tó o bá ń purọ́. Kí ló ṣẹ́?"

"Ríǹgì tuntun ni."

Omi ti dé àyà Remai. Ó gbé àgbọ̀n sókè. "Ti àtijọ́ ńkọ́? Ṣé o ti sọ ọ́ nù?"

"Ó wà níbí."

"Wọ̀ ọ́ padà. Ìwọ náà ti gbó, ṣebí mo ṣì ń lò ọ́."

Belayong bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún.

Changgai dá ríǹgì àtijọ́ padà. Ó ti irin tó so písítìnì mọ́ apá ẹ́ńjìnnì bọ ojú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn wáyà róbótó tí kì í jẹ́ kí irin náà yọ ti sọnù. Ó wá a títí, kò rí i. Ó já okùn irin pańpẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó wà lápò rẹ̀, ó fa fọ́nrán kan yọ, ó ká a, ó sì fi èékánná tì í wọlé. Ó mọ̀ pé fọ́nrán náà kò lè pẹ́ níbẹ̀. Ó fi ìka fún ríǹgì mọ́ra, ó gbé sílíńdà wọ̀ ọ́, ó dè é, ó so gbogbo ìyókù mọ́ ọn.

Ó fa okùn. Kò dáhùn. Ó fà á, ó fà á. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Omi ti kan àgbọ̀n Remai. "Bàbá Rinai, mú àdá."

"Àdá kì í wọ igi yẹn, o ti rí i."

"Mi ò ní kó o gé igi."

Ohun tó ti ń bẹ̀rù pé yóò sọ nìyẹn. Belayong yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Changgai kò wo ìyàwó rẹ̀. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó kán ọ́ìlì sójú ihò rẹ̀ kí ríǹgì tó ti gbó yẹn lè dí sílíńdà dáadáa, ó dá a padà, ó fi gbogbo ara fa okùn. Ẹ́ńjìnnì ké ràmùràmù, èéfín bò ó lójú.

Ó gbé e lé igi. Bẹ́líánì ń ta iná, ẹ̀rọ ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ń na. Igi kù díẹ̀ kó já nígbà tí nǹkan kan dún gààrà nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì gan pa síbẹ̀. Omi bo ẹnu Remai.

"Belayong, tẹ̀ ẹ́!"

Àwọn méjèèjì fò lé ibi tí ó gé, wọ́n fi ara tẹ̀ ẹ́. Igi ké, ó ṣẹ́. Changgai ti òpó ahéré bọ abẹ́ èyí tó kù, ó gbé e, Belayong sì fa obìnrin náà jáde, ó ń pọ omi.

Nígbà tí odò fà, ọkọ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọn ò rí ẹsẹ̀ náà gbà là. Abẹ́ orúnkún ni dókítà ti gé e. Nígbà tí Remai jí, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀.

"Ká ní mi ò tú ẹ̀rọ yẹn..." ni ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ kan ló lọ," Remai dá a lóhùn. "Ẹnu mi ṣì pé. Máa retí mi nílé."

Changgai fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Remai jẹ́ kó sun ún tán, lẹ́yìn náà ló ní kó dìde, kó lọ wá ìrẹsì jẹ.